Ilé Adìẹ Nínú Òjò Ọ̀tà: Ọ̀rinrin Ni Ọ̀tá, Kì Í Ṣe Afẹ́fẹ́

Bí òjò bá ti wọlé ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin adìẹ díẹ̀ sẹ́yìnkùlé ló máa ń fi tapólì, páálí àti pákó dí ilé adìẹ wọn pa. Èrò wọn ni pé òtútù ló ń pa adìẹ. Bí adìẹ méjì bá wá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọn a tún wá tapólì mìíràn kún un. Òdìkejì ohun tí wọ́n ń ṣe yìí gan-an ló yẹ ní ṣíṣe. Kì í ṣe òtútù ló ń pa adìẹ tó ti hùyẹ́ tán lágbègbè wa, ọ̀rinrin ni. Ọ̀rinrin ọ̀hún kì í sì í ṣe ti òjò nìkan. Ara adìẹ fúnra rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tó bá dí ilé adìẹ pa nítorí òjò ti há àwọn ẹyẹ náà mọ́ inú omi ara wọn. Láti ibi tí a óò gbé ilé náà kalẹ̀ sí, títí dé orí irú aṣọ ìbòjú tí a óò ta sí i, ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin yìí ló yẹ kó máa darí ọwọ́ ẹni tó ń kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Adìẹ tó ń yé ẹyin máa ń jẹ oúnjẹ tó tó gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́, ó sì máa ń mu omi tó tó ìlọ́po méjì ohun tó jẹ. Ogún adìẹ, tí ìdílé kan lè tọ́jú láìṣe wàhálà, yóò mu nǹkan bíi lítà mẹ́rin àbọ̀ omi lóòjọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọ inú ẹyin níbẹ̀. Ìyókù, tó lé ní lítà mẹ́ta, ń bá ìgbẹ́ àti èémí jáde. Adìẹ kì í tọ̀ lọ́tọ̀, kì í sì í làágùn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgbẹ́ rẹ̀ tútù ló jẹ́ omi, ara rẹ̀ tó máa ń gbóná tó 41°C sì ń mí omi sínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí ilé bá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Bí a bá dí i, omi á padà sínú èérún pákó tí a tẹ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ tó wà níbẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, gáàsì amóníà tó ń ta ojú á sì máa rú jáde. Nígbà tí imú ènìyàn bá fi máa gbọ́ òórùn yẹn kíkankíkan, ó ti ń jẹ ọ̀nà ọ̀fun adìẹ, ààbò tó wà níbẹ̀ sì ti bàjẹ́ fún àrùn èémí láti wọlé. Èyí tó tún burú ni àrùn tí àwọn olùsìn adìẹ ń pè ní kọ́kísì, tó máa ń mú kí adìẹ ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹyin kòkòrò àrùn náà kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan nígbà tó bá kọ́kọ́ bá ìgbẹ́ jáde. Ó nílò ọ̀rinrin àti ìlọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó lè ran adìẹ mìíràn. Ilẹ̀ tó gbẹ kì í fún un láyè. Ìdí nìyí tí àrùn yìí fi máa ń gbilẹ̀ lásìkò òjò, tí àwọn ènìyàn sì ń pe ohun tí ọ̀rinrin ṣe ní iṣẹ́ òtútù.

Ẹni tí kò bá gbà, kó wo àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú ní tòótọ́. Ní Chicago àti Toronto, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, yìnyín lè bo títì mọ́lẹ̀ débi tí wọ́n á ti ilé-ìwé, tí tọkọtaya àti ọmọ á sì jókòó sílé títí wọn á fi kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, adìẹ ń gbé níta nínú ilé onípákó láìsí iná. Ìyẹ́ wọn tó bá wú ń há afẹ́fẹ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́ ara wọn, ó sì tó wọn. Ní 1912, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Prince T. Woods tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà, Open-Air Poultry Houses for All Climates, tó dá lórí ilé adìẹ tí iwájú rẹ̀ jẹ́ wáyà lásán, kódà nígbà yìnyín. Wọ́n dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta yòókù, wọ́n sì jẹ́ kí ilé náà jìn, kí adìẹ lè sùn sí ọwọ́ ẹ̀yìn pátápátá níbi tí ìjì kò lè dé. Àwọn tó ń sin adìẹ níbẹ̀ ti rí i pé ilé tí a dí pa, tí omi ń kán láti òrùlé rẹ̀, ni yìnyín ti ń jẹ ogbe adìẹ jù. Bí ẹni tó ń gbé nínú yìnyín kò bá dí ilé adìẹ rẹ̀ pa, kí ni ìdí tí àwa fi ní láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà, níbi tí òru tó tutù jù kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 20°C?

Bí a bá ti gba èyí, ìgbà tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ pàápàá á yí padà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ilé kíkọ́. Ní ti ilé tí ènìyàn ń gbé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ilẹ̀ tí kò dára lójú. Oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí òjò bá le jù, ni ilẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Ìdílé tí òjò sé mọ́lé ní Ojú-Ọ̀rẹ́ tàbí lójú ọ̀nà Ìdírókò, tí bàbá kò lè dé ilé-iṣẹ́ nítorí omi ti gba títì, tí ìyá kò lè pàtẹ, tí àwọn ọmọ sì ti ń bá ara wọn jà, ní iṣẹ́ gidi tí wọ́n lè ṣe láti ojú fèrèsé. Kí wọ́n wo ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá. Kí wọ́n wo ibi tí omi ṣì dúró sí lẹ́yìn wákàtí kan tí òjò ti dá. Kí àwọn ọmọ lọ ri igi mọ́ ibi tó kọ́kọ́ gbẹ. Nígbà tí òjò bá wá sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tí ilé-ìwé ti gba ìsinmi gbọọrọ, kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀. Òjò oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá á dán ilé náà wò kí a tó kó adìẹ sí i, a óò sì lè tún ibi tó ń jò ṣe. Ẹnì kan lè ní òjò á ba sìmẹ́ǹtì jẹ́. Wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni òjò líle lè fọ̀ ọ́ lọ, tapólì sì lè bò ó fún ìgbà náà. Lẹ́yìn tó bá ti dì, omi gan-an ló ń mú un le, òun ló fà á tí àwọn bíríkìlà fi ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibi tí ilé kọjú sí ni ìpinnu tó tún tẹ̀ lé e, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí gígùn ilé lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí a mọ ògiri méjèèjì tó kúrú dé òkè, kí a sì fi wáyà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó gùn. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, tó máa ń ràn wọ inú ilé jìnnà, yóò bá ògiri pàdé. Ìjì òjò tó máa ń ṣú dùdù ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbá wá. Ògiri kan náà ni yóò dá a dúró. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn yóò wọlé ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù, yóò sì gbé ọ̀rinrin jáde ní àríwá. Ilé kan náà, ohun èlò kan náà, bí a bá yí i sí òdì, á máa gba ìjì wọlé, á sì máa lé afẹ́fẹ́ dànù.

Fún ogún adìẹ, ilé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ti tó. Kí ilẹ̀ inú rẹ̀ ga ju ti ìta lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti iyanrìn ni kí a fi kún un, kí a tẹ́ ọ̀rá nípọn lé e, kí a tó da kọnkéré sórí rẹ̀, nítorí omi a máa fà gòkè láti inú ilẹ̀ láìsí pé òjò wọlé rárá. Búlọ́ọ̀kù méjì lórí ara wọn ni ògiri ẹ̀gbẹ́ tó gùn; ó ga tó láti dá omi tó ń ta sókè láti ilẹ̀ padà, kò sì ga débi tí yóò dí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lára adìẹ. Wáyà ni títí dé òrùlé. Kí a gbé ẹsẹ̀ òpó lé orí kọnkéré, kí ikán má bàa rí i jẹ. Ní ti òrùlé, kí ó ga ní àríwá, kí ó lọ sílẹ̀ ní gúúsù, kí ó sì yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó ṣí sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣọ́ páànù ná, wọn a sì yọ ọ́ síta ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré. Nígbà tí òjò bá wá ń rọ̀ wọlé, tapólì ni wọ́n máa ń sá lọ bá. Páànù tí wọn kò rà ló sọ tapólì di dandan. Irú òrùlé tí mo ṣàpèjúwe yìí á fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án níbùú-lóòró. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lọ́jọ́ kan, omi tó máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀ á tó nǹkan bíi lítà 450, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì olítà 25 méjìdínlógún. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń dà sẹ́bàá ìpìlẹ̀, kò sí kọnkéré tí kò ní rin. Kí a fi gọ́tà gbà á lọ sínú kòtò, tàbí sínú dúrọ́ọ̀mù tó mọ́, kí ìdílé fi máa fọ nǹkan.

Nínú ilé, ohun mẹ́ta ló ń dín omi kù ju ohunkóhun lọ. Àkọ́kọ́ ni ọ̀pá tí adìẹ ń bà lé sùn. Ìgbẹ́ tí wọ́n ń ya lóru pọ̀ gan-an, ojú kan náà ló sì ń dà sí. Bí a bá fi pákó sábẹ́ ọ̀pá, tí ọmọ kan ń gbá a kúrò láràárọ̀ kó tó lọ ilé-ìwé, omi tó ń bá ìgbẹ́ wọ inú èérún pákó á dín kù lọ́pọ̀lọpọ̀. Èkejì ni ìmumi. Kí ó wà lórí pákó tí a kàn pẹ̀lú àlàfo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, kí èyí tó bá dà sílẹ̀ má bàa kan ìtẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìtẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀: èérún pákó tí ẹ̀rọ ìfápákó ń tú jáde, tó nípọn tó íńṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a ń fi rékì yí lójoojúmọ́. Kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a fún un. Bí ó bá dì mọ́ra bí ẹ̀bà, omi ti pọ̀ jù. Bí ó bá tú ká nígbà tí a lawọ́, ó dára. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe àyẹ̀wò yìí, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Olè ni àtakò tó lágbára jù, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀ ní agbègbè tí èrò ti ń wọ́ wá láti ibi gbogbo nítorí iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n ti jí adìẹ rẹ̀ kó rí yóò sọ pé ògiri dé òkè lòun fẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tàbí páànù òrùlé ni olè máa ń gbà wọlé. Ògiri kì í dí i lọ́wọ́, adìẹ ló ń dí lọ́wọ́. Irin bọ́gílárì lẹ́yìn wáyà, àgádágodo gidi, àti ibi tí ojú fèrèsé ilé ìdáná ti lè rí ilé adìẹ náà ń ṣe ju ògiri lọ, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín irin kọjá. Ní ti eku àti ejò, wáyà tí ihò rẹ̀ kò tó ààbọ̀ íńṣì ni kí a fi sí ìsàlẹ̀, nítorí wáyà adìẹ lásán kò lè dá ọmọ eku dúró. Fún ọjọ́ ìjì, àpò ìrẹsì tí a rán pọ̀ ti tó, àmọ́ ọ̀nà tí a gbà ta á ló ṣe kókó. Àwọn ènìyàn máa ń so ó mọ́ òkè, kó máa fì wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kí a so ó mọ́, lórí ògiri kékeré, kí a máa fà á sókè, kí ẹsẹ̀ bàtà kan sì máa ṣí sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé nígbà gbogbo, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná tó gbé ọ̀rinrin ń gbà jáde. Bí òjò bá ti dá, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà lè béèrè pé irú ilé wo ni àwọn baba wa kọ́ fún adìẹ tí wọ́n fi rí adìẹ jẹ. Adìẹ wọn ń jẹ̀ káàkiri lọ́sàn-án, abẹ́ àgò ni wọ́n ń dé wọn mọ́ lálẹ́. Òótọ́ ni, ó sì gbe ohun tí mò ń sọ lẹ́yìn: híhun ni wọ́n hun àgò, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gba afẹ́fẹ́, ìgbẹ́ tó sì fọ́n káàkiri oko àti àgbàlá, oòrùn ló ń sá a gbẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn Àwórì dá Ọ̀tà sí kọ́ ni adìẹ yóò máa ta lónìí. Ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà lágbègbè yìí, èéfín àti eruku sì ń bà sílẹ̀. Ní ibi púpọ̀ lágbàáyé tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n ti bá òjé àti àwọn májèlé mìíràn nínú ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri, nítorí adìẹ ń gbé erùpẹ̀ mì bó ṣe ń ṣa oúnjẹ. Ìdí kan náà ló fi yẹ ká ṣọ́ra pẹ̀lú àlòkù tó pọ̀ ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Pákó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù nílé-iṣẹ́ dára fún ilẹ̀kùn àti ìtẹ́ ẹyin, bí a bá mọ ohun tí ó gbé. Èyí tó bá ní àbàwọ́n tàbí òórùn kẹ́míkà, kí a fi sílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà kò ṣeé fi pọn omi adìẹ, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ohun tí adìẹ bá mu lè dé inú ẹyin tí ọmọ wa yóò jẹ.

Òròmọdìẹ nìkan ni mo gbà pé òtútù ń pa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó nílò ooru tó tó 32 sí 35°C, kí a sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi hùyẹ́. Nígbà tí iná kò sí, ìkòkò èédú ni ọ̀pọ̀ ń lò, èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn sì lè pa òròmọdìẹ àti ènìyàn nínú yàrá tí a dí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má fọwọ́ kan òròmọdìẹ ọjọ́ kan rárá, pàápàá lásìkò òjò. Kí wọ́n ra èyí tó kù díẹ̀ kó máa yé. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n mú jáde fún ẹ̀yìnkùlé tún wà, bíi FUNAAB Alpha láti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti Noiler láti Awẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ara wọn le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin wọn kì í pọ̀ tó ti adìẹ ẹlẹ́yin. Ẹ má sì rò pé ilé tó dára á dípò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àrùn lùkúlùkú kò lóògùn; àjẹsára, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ní Vom, ló ń dènà rẹ̀.

Àwọn kan máa ń yan ọ̀nà mìíràn nígbà tí òjò bá le: wọn a kó adìẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná, kí ìdílé àti adìẹ jọ sùn. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kó ọmọ wa pọ̀ mọ́ wọn. Ní oṣù kejì 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ fìdí àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ múlẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, nínú oko adìẹ kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2007, ó ti pa ọ̀dọ́bìnrin kan ní Èkó tó wà létí wa níbí. Ilé adìẹ tó lè dúró nínú òjò ló ń gba ìdílé lọ́wọ́ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lóru. Kí bàtà kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí a kì í wọ̀ lọ síbòmíràn, kí ọṣẹ àti omi sì wà nítòsí.

Ó ku ti owó. Ọ̀tà ni oko tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá lẹ́yìn tó gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979 wà, adìẹ sì wà lára ohun tí a mọ oko náà mọ́. Ẹnì kan lè béèrè pé ta ni yóò fi ogún adìẹ bá irú oko bẹ́ẹ̀ figagbága. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é, kò sì pọn dandan. Oúnjẹ ló ń kó ìdá tó pọ̀ jù nínú owó adìẹ. Ogún adìẹ ẹlẹ́yin yóò jẹ àpò oúnjẹ kílò 25 kan tán ní bí ọjọ́ mọ́kànlá. Bí mẹ́rìnlá nínú wọn bá ń yé lójúmọ́, ẹyin á tó kéréètì márùn-ún kí àpò náà tó tán. Bí amóníà àti ìtẹ́lẹ̀ tútù bá mú kí ó já sí mẹ́wàá lójúmọ́, kò ní pé kéréètì mẹ́rin, àpò oúnjẹ kan náà ni wọ́n sì jẹ. Kí ẹni tó ń rò ó mú iye tí wọ́n ń ta kéréètì àti àpò oúnjẹ lọ́jà Ojú-Ọ̀rẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó ṣírò méjèèjì, kó wá fi ohun tó kù wé iye páànù tí yóò jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.